Ta Ló Pa Àgbò Mùnírù?

Àgbò tí Mùnírù télọ̀ rà sílẹ̀ de Iléyá kú láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn balùwẹ̀ ilé wọn ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Kò ṣàìsàn. Àná ló ṣì kan ọmọ aládùúgbò ṣubú. Nígbà tó máa fi di aago mẹ́jọ, ó ti na ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sókè bíi tábìlì tí wọ́n dojú ẹ̀ dé, itọ́ funfun ń yọ lẹ́nu ẹ̀.

Kò sẹ́ni tó béèrè ohun tó jẹ. Gbogbo ojú yí sí Ṣàngódùnní, ẹ̀gbọ́n bàbá Mùnírù, ìyá àgbà kan ṣoṣo tó ṣì ń bọ Ṣàngó nínú ilé tí gbogbo èèyàn ti ń kírun.

"Mo ti sọ!" Mùínàt, àbúrò Mùnírù, ló figbe ta. "Ọdún mẹ́ta, ìyàwó wa ò lóyún. Oṣù mẹ́ta, abẹ́ ń yún un, ó ń rùn bí ẹja. Ẹja ta ni? Ẹja táwọn àjẹ́ ń sè nínú ẹ̀ ni! Wọ́n jẹun tán, wọn ò fọ ìkòkò!"

Raliat, ìyàwó Mùnírù, fi ìbòrí bojú.

"Ẹja tútù ni àbí panla?" Ṣàngódùnní béèrè. Kò tiẹ̀ dìde nídìí ẹ̀gúsí tó ń bó.

"Ẹ tún ń fi ṣe yẹ̀yẹ́! Láàárọ̀ yìí, ojú mi yìí ló rí yín, Ìyá àgbà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ti òkú àgbò, ẹ ń gbóòórùn ẹnu ẹ̀!"

Ẹ̀rù ba gbogbo ilé. Ká má parọ́, ìgbà yẹn gan-an ni ẹyẹ dúdú kan bà sórí páànù. Oòrùn ti ràn, aago mẹ́wàá àárọ̀. Ẹyẹ náà wo òkú àgbò, ó wo Ṣàngódùnní, ó yàgbẹ́, ó fò lọ. Ọ̀rọ̀ bá di òótọ́.

"Ìyá àgbà," Mùnírù ní, "tó bá di ọjọ́ Jímọ̀, ẹ kó ẹrù yín."

Ẹni ọgọ́rin ọdún. Kò bímọ, kò nílé míì.

Lọ́jọ́ kejì, Raliat tún ti ilẹ̀kùn balùwẹ̀ mọ́rí. Ó da álọ́ọ̀mù sínú bàsíà omi gbígbóná, ó da oògùn tí wọ́n fi ń fọ ṣáláńgá sí i, bí Mùínàt ṣe kọ́ ọ. Ó jókòó lé e, ó ń fọ inú abẹ́ ẹ̀. Ó ta á bí ata. Àràárọ̀ ló ń ṣe é látoṣù méjì, bó ṣe ń fọ̀ ọ́ ló ń burú sí i.

Ilẹ̀kùn ṣí. Ṣàngódùnní rèé! Raliat fa aṣọ bora.

"Òórùn ẹnu àgbò nìyí," ìyá àgbà ní, ó ń nàka sí bàsíà. "Wọṣọ. À ń lọ Ògbómọ̀ṣọ́."

Leah, ọmọ ọ̀rẹ́ Ṣàngódùnní, ń ṣe nọ́ọ̀sì ní kílíníìkì kékeré kan ní àdúgbò Takie níbẹ̀. Ó béèrè àwọ̀ ohun tó ń jáde, ó béèrè òórùn ẹ̀ àti ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Ó fi òwú orí igi kékeré mú díẹ̀, ó lọ fi maikirosíkóòpù wò ó, ó ní kí Raliat náà wá wò. Àwọn nǹkan tín-tìn-tín ń lúwẹ̀ẹ́ kiri bí ọmọ tó bọ́ sódò.

"Àwọn àjẹ́ yín rèé," Leah ní. "Wọn ò níyẹ̀ẹ́, ìrù ni wọ́n ní. Níbi ìbálòpọ̀ lèèyàn ti ń kó o. Mi ò béèrè ta ló kọ́kọ́ kó o. Ìwọ àtọkọ ẹ lẹ máa lo oògùn ọlọ́jọ́ méje, ẹ ò sì gbọdọ̀ sùn pọ̀ títí ẹ ó fi lò ó tán. Tóun ò bá lò ó, ẹ máa tún kó o padà ni. Tó bá jẹ́ èyí tó funfun tó dì bíi wàrà ni, oògùn tiẹ̀ yàtọ̀. Ìdí tá a fi ń yẹ̀ ẹ́ wò nìyẹn. Kí lo fi ń fọ̀ ọ́?"

Raliat sọ fún un. Leah káwọ́ lérí.

"Inú ibẹ̀ ń fọ ara ẹ̀! Omi lásán, ìta nìkan. Tí ẹran bá mu nǹkan tó o fi ń fọ inú yẹn, ó máa kú!"

Raliat ta gìrì. Ó wá rántí: lọ́jọ́ Ajé, ó gbé bàsíà sẹ́yìn balùwẹ̀, Mùnírù pè é, ó sáré lọ. Nígbà tó padà dé, bàsíà ti gbẹ.

"Ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́! Tí mo bá sọ ọ́, wọ́n á lé mi."

"Tó ò bá sọ ọ́, èmi ni wọ́n á lé."

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Mùnírù gbé àpótí Ṣàngódùnní síta. Ìyá àgbà ò bá a jà, ó ń wá bàtà ẹ̀. Raliat dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Èmi ni mo pa àgbò."

Ó ro gbogbo ẹ̀ fún wọn: bàsíà, álọ́ọ̀mù, oògùn ṣáláńgá. Mùínàt ń wolẹ̀. Raliat wá na oògùn sí ọkọ ẹ̀.

"Èmi kẹ̀?" Mùnírù fò sẹ́yìn. "Kò sóhun tó ń yún mi!"

"Nọ́ọ̀sì ní kì í sábà yún ọkùnrin. Ó kàn ń gbé lára yín ni."

Ẹyẹ dúdú ọjọ́sí bà sórí páànù. Ó wo Mùnírù. Mùnírù wò ó.

Mùnírù gbé oògùn mì, kò tiẹ̀ dúró gba omi. Lẹ́yìn náà ló gbé àpótí padà sínú yàrá.

Nírọ̀lẹ́, Mùínàt wá jókòó ti Ṣàngódùnní, ó ń bá a bó ẹ̀gúsí, ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ ẹ́.

"Ìyá àgbà," ó rọra sọ, "nọ́ọ̀sì Takie yẹn… ọjọ́ wo ló máa ń wà níbẹ̀?"

Ṣàngódùnní ò gbójú sókè.

"Ti ìwọ ńkọ́? Ẹja tútù ni àbí panla?"