Ilà Ọrùn Habeebah

Ní ọdún tó ṣáájú òmìnira, láàárọ̀ ọjọ́ Àlàmísì kan, ìdajì Ọjà Tuntun pa ìsọ̀ tì, wọ́n lọ wo ọrùn obìnrin kan ní kóòtù Alíkálì.

Habeebah lorúkọ rẹ̀, ọmọ Alfa Zubair tó ń ta àrán àti ẹ̀tù. Ìyàwó oníṣòwò Kóráà kan tó wá láti Lẹ́bánónì ló kọ́ ọ ní fáyólìn, ìyẹn gòjé òyìnbó olókùn mẹ́rin tí wọ́n máa ń há sábẹ́ àgbọ̀n. Ọdún méje ni igi náà fi ń tẹ ọrùn rẹ̀ lójú kan náà, títí àmì dúdú kan fi jókòó sápá òsì. Ẹni tó bá mọ fáyólìn á mọ̀ pé iṣẹ́ ló fà á. Ní Ìlọrin ìgbà yẹn, ẹni mẹ́ta ló mọ̀ ọ́n. Méjì nínú wọn ti padà sí Bèírúùtù.

Wọ́n ti so yìgì òun àti Abdulwaris, ọmọ Àlájà Bilkisu. Ó ku kó wọlé ọkọ. Ọjọ́ tí Àlájà wá kí ìyàwó, ìborùn Habeebah yọ̀, Àlájà rí àmì náà. Kó tó délé, ọ̀rọ̀ ti di méjì: àwọn kan ní ẹ̀tẹ̀ ni, àwọn kan ní ẹnu ọkùnrin ni. Àwọn tí kò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni jà gba méjèèjì gbọ́.

Alíkálì wé láwàní funfun, ilà gọ̀ǹbọ́ tẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Abdulwaris wọ dàńdógó, ìyá rẹ̀ wà lápá ọ̀tún rẹ̀.

"Ránkàdédé," ni Àlájà Bilkisu wí lórí ìkúnlẹ̀. "Kí Ọlọ́hun jẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́ lórí àga. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí. Ẹ tú yìgì yìí kó tó kó àrùn ràn án."

"Habeebah, kí ló ṣe ọ́ lọ́rùn?" ni Alíkálì bi í.

"Fáyólìn tó wà lọ́wọ́ mi yìí ni, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí dògarí bá mi há a sábẹ́ àgbọ̀n díẹ̀. Ojú gbogbo wa ni yóò ṣe."

Dògarí, ẹ̀ṣọ́ kóòtù, ọkùnrin gàgàrà tó wọ aṣọ pupa, wo Alíkálì. Alíkálì ní kó gbà á. Wọ́n gbé e há a, ó dúró bí ẹni tí eyín ń dùn. Kóòtù gbọ́ ẹjọ́ ewúrẹ́, wọ́n gbọ́ ti ògiri tó wó. Nígbà tí wọ́n máa gba igi náà, àmì pupa fòò ti hù lọ́rùn dògarí.

"Àlájà," ni Habeebah wí, "ẹ bá wa bi dògarí léèrè. Ọkùnrin wo ló fẹnu kàn án?"

Kóòtù bú sẹ́rìn-ín. Dògarí kò rẹ́rìn-ín.

"Ó ti yé wa," ni Alíkálì wí. "Kò sí àrùn, kò sí ìṣekúṣe. Yìgì dúró. Ìwọ náà, ọmọ mi, fi igi yìí sílẹ̀ níbí. Tó bá ṣe díẹ̀, àmì á pa rẹ́, wàá gbé ọrùn tó dán lọ sílé ọkọ."

"Gbà bẹ́ẹ̀, ọmọ mi," ni Alfa Zubair ń bẹ̀ ẹ́. "Torí Ọlọ́hun."

Habeebah tú ìborùn kúrò lọ́rùn, ó kọjú sí Alíkálì.

"Bàbá, gọ̀ǹbọ́ yín dára. Ọmọ ọwọ́ ni yín nígbà tí wọ́n kọ ọ́, ẹnikẹ́ni ò bi yín. Èmi fọwọ́ ara mi kọ tèmi ni. N kò ní pa á rẹ́. Kí Abdulwaris mú mi bẹ́ẹ̀, tàbí kó gba sọ̀dáàkí tó fi so yìgì padà."

Gbogbo ojú yí sí Abdulwaris. Abdulwaris wo apá ọ̀tún rẹ̀. Ìyá rẹ̀ mi orí pé rárá. Ó gba sọ̀dáàkí.

Lọ́dún kejì, òyìnbó ká àsíá rẹ̀, ìlú jó. Habeebah kò ráàyè. Ó ń kọ́ ọmọ mẹ́rin ní fáyólìn lẹ́yìnkùlé bàbá rẹ̀. Alfa fi àrán dí fèrèsé kí àdúgbò má baà gbọ́. Àdúgbò gbọ́. Nígbà tó yá, Habeebah kọ́lé sí àdúgbò Basin, àwọn ọmọ ń wá láti ilé kéú, wọ́n ń wá láti Ọ̀mù-Àrán. Tí wọ́n bá pàdé ní Kàdúná tàbí Lọ́ndọ̀nù, ọrùn ni wọ́n fi ń mọ ara wọn.

Irun rẹ̀ ti funfun lọ́jọ́ tí Abdulwaris fi ọ̀pá tilẹ̀ wọlé, tòun ti Sadiya, àbíkẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ náà kò jẹ́ kó sinmi. Fáyólìn ló fẹ́.

"Àlájì," ni Habeebah wí, "ẹ wo ọrùn ọmọ yín dáadáa. Bẹ́ ẹ ṣe mú un wá kọ́ lẹ máa bá a."

Abdulwaris wo apá ọ̀tún rẹ̀. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Àlájà Bilkisu ti wà nínú sàréè tipẹ́.

"Ẹ kọ ilà náà fún un," ló wí.