Orin Ìkórè Damaris

Èrò ń ti ara wọn láti wọ bọ́lẹ́kájà tó ń lọ sí Ìlọ́fà lọ́jọ́ ọjà Òsì, ibẹ̀ ni ojú Damaris àti ti ọmọkùnrin kan tí kò mọ̀ rí ti ṣe mẹ́rin. Ọmọkùnrin náà bá a gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sókè, ó jókòó tì í. Jonah lórúkọ rẹ̀, ará Ìdófìn ni.

"Ìwọ tó o rẹwà báyìí, kí ló dé tó o fajú ro?"

"Orin ìkórè ni. Èmi ni mò ń dá orin fún ẹgbẹ́ ọ̀dọ́bìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa. Láti ìgbà tí iṣu tuntun ti jáde ni mo ti wà lẹ́nu ẹ̀, ìlà méjì péré ni mo rí. Bí n kò bá mú orin dé ibi ìdánrawò lọ́la, Keziah ọmọ ẹgbẹ́ wa ni wọ́n máa fi ipò mi fún."

Jonah rẹ́rìn-ín. "Orin lásán-làsàn?" Kí ọkọ̀ tó kún, ó ti kọ odindi orin sí i létí, ó ń dùn yùngbà.

Ara Damaris kọ̀ ọ́. Orin tí èèyàn ń dá lọ́wọ́ a máa kọsẹ̀, a máa pa dà sẹ́yìn. Tèyí ń ṣàn bí ohun tó ti mọ́ ẹnu lára.

"Ṣé ìwọ lo dá a lóòótọ́?"

"Ta ni ì bá tún jẹ́, olólùfẹ́?"

"Olólùfẹ́" yẹn ló pa ìfura Damaris lẹ́nu mọ́.

Níbi ìdánrawò, Keziah wò ó tìfura-tìfura. "Lánàá o ò ní nǹkan kan, lónìí o ti ní odindi orin. Àbí iwin ló kọ́ ẹ?" Damaris gbé orin, ó ń kọ́ wọn lọ.

Ọjọ́ ìkórè pé. Àwọn ọmọbìnrin ń jó lọ síwájú pẹpẹ, wọn ò tíì kọ ẹsẹ̀ kìíní tán nígbà tí àwọn àlejò láti Ìdófìn ti gba ẹsẹ̀ kejì mọ́ wọn lẹ́nu. Ìyá àgbà kan nínú wọn ní, "Àwọn ọmọ yìí mà ṣeun o, orin ìkórè wa èṣí ni wọ́n ń bá wa kọ." Ẹ̀rín gba ṣọ́ọ̀ṣì kan.

Ìyá Ìbídùnní, olórí ẹgbẹ́, fi ipò náà fún Keziah. Ó wá pe Damaris sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ìlà méjì tó o ní ńkọ́? Ṣebí à bá máa tún un kọ títí a ó fi jó dé pẹpẹ. Ta ló sọ fún ẹ pé kò tó?"

Omi bọ́ lójú Damaris. Ó wá yé e pé orin lè tètè jáde, ó sì lè pẹ́ kó tó jáde, kò sí èyí tó burú níbẹ̀. Orin olórin tí a fi ìkánjú gbé ló ń dójú ti ni.

Ó pẹ́ kí Jonah tó yọjú sílé wọn, ó di lẹ́tà kan mú.

"Ta lo wò kọ ọ́?" ni Damaris kọ́kọ́ bi í.

"Kò sẹ́ni tó jẹ́ wo irú eléyìí kọ. Láti ọjọ́ ìkórè yẹn ni mo ti ń kọ ẹ̀bẹ̀ yìí, tí mò ń pa á rẹ́. Ojú ìwé kan ò kún."

Damaris na ọwọ́, Jonah sì fi lẹ́tà náà lé e lọ́wọ́.