Ilà Mẹ́ta ní Igun Aṣọ

"Ọ̀dà pupa ni kí o lò, kó máa wo èèyàn lójú," Alága ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wí.

Wọ́n ti to tábìlì mẹ́rin pọ̀ ní kíláàsì, wọ́n tẹ́ aṣọ funfun gbọọrọ lé e. Gbogbo ojú wà lára ọmọbìnrin tí wọ́n ń pè ní Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ. Bàbá rẹ̀ ló ń kọ pátákó fún àwọn onísọ́ọ̀bù, lẹ́tà tirẹ̀ náà sì máa ń gún bí ẹni pé ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́. Lọ́sẹ̀ yẹn, ọ̀rọ̀ ogun òkèèrè tí ìjọba rán àwọn sójà lọ jà ló gba ẹnu gbogbo ayé kan. Àwọn àgbà ń jiyàn lórí rẹ̀ lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ ṣe ìwọ́de.

"Kọ ọ́ pé: APÀNÌYÀN NI ÀWỌN SÓJÀ WA."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin wà lára àwọn sójà náà, ó ti pé oṣù méje níbẹ̀. Àmọ́ ohun tó sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni pé iṣẹ́ ló bá lọ sí òkè òkun.

"Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ, ṣé iná ti lọ ni?" Alága bi í.

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rín ẹ̀rín tí kò dénú, ó sì kọ ọ́. Nígbà tó parí, kò tiẹ̀ ronú kó tó fa búrọ́ọ̀ṣì nù lẹ́ẹ̀mẹta ní igun aṣọ nísàlẹ̀, bí wọ́n ti máa ń ṣe nílé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kọ́ ọ nígbà tó wà ní kékeré: "Ilà kan fún bàbá, ọ̀kan fún mi, ọ̀kan fún ẹ."

Ìwọ́de náà kún fọ́fọ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, fọ́tò aṣọ yẹn ti wà lórí fóònù gbogbo èèyàn.

Lọ́jọ́ Àìkú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pè. Ìyá wọn gbé fóònù sórí tábìlì kí gbogbo ilé lè gbọ́.

"Bàbá, ṣé ẹ ṣì ń fi ọ̀dà pa ṣòkòtò yín láró?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Àbúrò mi dà? Mo rí fọ́tò aṣọ kan. Mo rí ilà mẹ́ta ní igun rẹ̀."

Ìyá wọn wo bàbá, bàbá wo ọmọ. Irọ́ ti dé ètè rẹ̀, ó gbé e mì.

"Èmi ni mo kọ ọ́, bọ̀dá."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fèsì pé: "O ṣeun tí o ò purọ́. Èmi náà ò rí ìdí ogun yìí. Ká ní mo wà nílé, mo lè bá yín jáde. Àmọ́ mọ́tò tó ń gbé àwọn tó fara pa ni mò ń wà níbí. Ọ̀rẹ́ mi kan rí fọ́tò yẹn, ó ní ta ló kọ lẹ́tà tó gún tó báyìí. Mi ò lè dá a lóhùn."

Ìlà fóònù já. Ìyá wọn dìde, ó wọ yàrá lọ.

"Ẹyin lọ̀rọ̀," bàbá rẹ̀ wí jẹ́jẹ́. "Ọ̀dà kì í kúrò lára aṣọ, ọmọ mi. Àfi kéèyàn wá aṣọ mìíràn."

Nígbà tí wọ́n tún fẹ́ jáde lọ́sẹ̀ kejì, ó dìde ní kíláàsì. "Ẹ̀gbọ́n mi wà lójú ogun yẹn. Mo purọ́ fún yín."

"O ti wá ń gbè sẹ́yìn ogun nìyẹn," Alága wí.

"Rárá o. Mo kórìíra rẹ̀ ju ti àná lọ. Ẹni tó rán wọn níṣẹ́ la fẹ́ bá wí, kì í ṣe ẹni tí wọ́n rán."

Ó tẹ́ aṣọ tuntun, ó kọ ọ́ sí i pé: OGUN YÌÍ KÌ Í ṢE TIWA. Ẹ DÁ ÀWỌN ỌMỌ WA PADÀ WÁ SÍLÉ. Ó mọ̀ọ́mọ̀ fa ilà mẹ́ta sí igun rẹ̀.

Alága àti ọ̀pọ̀ nínú wọn gbé aṣọ àkọ́kọ́ lọ. Àwọn mẹ́rin péré ló tẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n dé iwájú ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ jáde wá, ó di etí aṣọ náà mú, ó sì bá wọn lọ.

Ó yé ọmọbìnrin náà lọ́jọ́ yẹn pé èèyàn lè dìde tako ohun tí kò dára láìba orúkọ aláìṣẹ̀ jẹ́. Ohun tí a ò bá lè sọ lójú ẹni, ẹ má ṣe jẹ́ ká torí ẹ̀rín ẹgbẹ́ kọ ọ́ sẹ́yìn onítọ̀hún.