Ṣọ́ọ̀bù Fájuyì tí Gúgù Kò Rí

Àṣìṣe mẹ́ta ni Abọ́sẹ̀dé, tó mọ iṣẹ́ ìkànnì dáadáa, kà fún Ayọ̀rìndé, ọmọ oníṣọ́ọ̀bù, kí ó tó rántí kí i. Àkọ́kọ́, irinwó páàtì ẹ̀rọ ìlọta ló wà lórí ìkànnì ṣọ́ọ̀bù wọn, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá tẹ orúkọ ọjà sínú àpótí ìwárí kan kò lè rí ìkankan. Gúgù kì í sì í bá ènìyàn tẹ nǹkan. Èkejì, ọjà kankan kò ní àdírẹ́sì tirẹ̀ lórí ìkànnì náà. Ẹ̀kẹta, "Ẹ káàbọ̀" ni àkọlé gbogbo ojú ewé.

"Láti àárọ̀ ni mo ti ń wá bẹ́líìtì ẹ̀rọ ìyá mi lórí fóònù," ó ní. "Èkó ni wọ́n ń júwe fún mi, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yin wà ní Fájuyì níbí!"

"Arábìnrin, ṣé bẹ́líìtì lẹ wá rà ni, àbí ẹjọ́ lẹ wá rò?"

"Méjèèjì!"

Ayọ̀rìndé bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà wọ Abọ́sẹ̀dé lára. Ìbínú rẹ̀ rọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n ti jọ ń tún ìkànnì náà ṣe. Wọ́n fún ọjà kọ̀ọ̀kan ní ojú ewé àti àkọlé tirẹ̀, wọ́n sì to orúkọ gbogbo wọn sórí ewé kan tí Gúgù lè máa tọ̀ láìtẹ ohunkóhun. Ibi iṣẹ́ náà ni ìfẹ́ ti wọlé. Kí oṣù tó parí, "Olólùfẹ́ mi" ni Ayọ̀rìndé ń pè é. "Ayọ̀ mi" ni Abọ́sẹ̀dé ń dá a lóhùn.

Ṣùgbọ́n nígbà tí Ayọ̀rìndé sọ fún bàbá rẹ̀, tó ni ṣọ́ọ̀bù, pé òun fẹ́ fi Abọ́sẹ̀dé ṣaya, Bàbá kò gbà.

"Ọdún méjì lo ti jókòó ti kọ̀ǹpútà, o ò mú oníbàárà kan wá. Kí lo fẹ́ fi bọ́ ìyàwó? Ọjọ́ tí àjèjì kan bá tipasẹ̀ ìkànnì yẹn wá ra ọjà lọ́wọ́ mi ni n ó lọ tọrọ ọmọbìnrin yìí."

Ọ̀rọ̀ náà dun Abọ́sẹ̀dé wọra. Ojoojúmọ́ ló ń yẹ iye ojú ewé tí Gúgù ti mọ̀ wò: ẹyọ kan, mọ́kànlá, ọgọ́sàn-án!

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan, fóònù ṣọ́ọ̀bù dún lọ́wọ́ Bàbá, ó sì tẹ sípíkà rẹ̀ kí gbogbo wọn lè gbọ́.

"Ẹ káàsán sà, Ìkàrẹ́ ni mo ti ń pè. Mo wá bẹ́líìtì ẹ̀rọ tó ń lọ ẹ̀gẹ́ lórí Gúgù, ṣọ́ọ̀bù yín ló gbé wá. Mẹ́fà ni mo fẹ́."

Ayọ̀rìndé fò sókè, ó gbá Abọ́sẹ̀dé mọ́ra níwájú àwọn oníbàárà.

Bàbá wúkọ́. "Ẹnì kan péré nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká ṣì máa wò ó ná."

Inú bí Abọ́sẹ̀dé. Ó kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò rẹlẹ̀.

"Bàbá, àjèjì kan lẹ sọ, ẹ kò sọ méjì. Mo fẹ́ràn ọmọ yín, ọmọ yín sì fẹ́ràn mi. Ẹ dárúkọ ọjọ́ tí ẹ ó wá sílé wa ní Ìyìn, sà. N kò ní dìde títí ẹ ó fi dárúkọ rẹ̀."