Ọ̀pá Tí Ó Mọ Àgbà

Èmi Látẹ́jù ọmọ Adégún, akọ̀wé ìlú Òkè-Ìràwọ̀ tí ó wà lórí òṣùpá, ni mo ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tí mo ń bá sọ ọ́ ni ẹ̀yin ọmọ ìlú yìí tí a kò tíì bí lọ́jọ́ náà, àti ẹ̀yin ìbátan wa tí ẹ kù sílé ayé. Ẹ gbọ́ bí ọ̀pá kan ṣe dójú tì wá, tí kò sì sí ẹni tí ó lè bá a wí.

Ní ìlú wa, gbogbo ẹ̀rọ tí ó bá ń ronú gbọ́dọ̀ ní ẹ̀kọ́ ilé. Baálẹ̀ Akínlàjà ni ó ṣe òfin náà. Nítorí rẹ̀ ni ilẹ̀kùn kì í fi í ṣí fún ọmọdé bí àgbàlagbà bá ń bọ̀ lẹ́yìn, tí ẹ̀rọ ìfọṣọ kì í sì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láìkí onílé. Nígbà tí Ọ̀mọ̀wé Jọláadé fi ọparun ṣe ọ̀pá tí ó ní ọpọlọ, tí ó pè é ní Atẹ̀máṣẹ́, ó kọ́kọ́ kọ́ ọ ní ìkíni kí ó tó kọ́ ọ ní eré.

Eré ìfọ̀páfò ni eré náà. Eléré a gbé ọ̀pá gígùn sáré, a fi orí rẹ̀ gún kòtò kékeré kan. Ọ̀pá a tẹ̀, a tún nà, a sì jù ú kọjá lókè igi ìdábùú. Ìbíwùmí, ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, ni ó mọ̀ ọ́n jù nínú wa.

"Ọ̀mọ̀wé, ó fúyẹ́, ó sì bá ìwọ̀n ara mi mu," ni ó wí, bí ó ti ń gbé ọ̀pá náà wò. "Èyí tí ó le jù a ta èèyàn padà sẹ́yìn, èyí tí ó rọ̀ jù a gbé e sílẹ̀ bí àpò gààrí. Ṣùgbọ́n ohun tí mo ń wá lára ọ̀pá ju gbogbo rẹ̀ lọ ni kí ó dá mi lójú pé bí ó bá tẹ̀, yóò dìde."

"Yóò dìde. Ọmọlúàbí ni."

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré fún Ìbíwùmí. Bí ó bá fò kọjá ọgbọ̀n ẹsẹ̀ bàtà, ọkọ̀ òfurufú yóò gbé e lọ díje nílé ayé. Ìlá ni ìyá ìyá rẹ̀ wà, arúgbó ẹni àádọ́rùn-ún ọdún. Wọn kò fojú kan ara wọn rí àfi nínú dígí aláwòrán. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta péré ni òfin fi àyè gbà á láti fò.

Lọ́jọ́ ìdíje, ẹ̀yìn tìmùtìmù tí eléré ń balẹ̀ sí gan-an ni wọ́n gbé àga Baálẹ̀ sí. Ìbíwùmí sáré, ó gún ọ̀pá, ọ̀pá tẹ̀. Ó tẹ̀, ó tẹ̀, títí ó fi nà gbalaja sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọbìnrin náà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ káàsán, Bàbá," ni Atẹ̀máṣẹ́ wí.

Ẹni tí ó bá dọ̀bálẹ̀ kì í dá ara rẹ̀ dìde kí àgbà tó dá a lóhùn. Inú Baálẹ̀ dùn dé ẹ̀yìn etí. "Ẹ wo igi tí ó mọ àgbà! Àwọn ọmọ yín ńkọ́?"

Ọ̀mọ̀wé sáré tọ̀ ọ́ lọ. "Ẹ jọ̀wọ́, Bàbá, ẹ dìde kúrò níbí."

"Kí n dìde fún igi?"

"Ẹ kúkú sọ pé 'Dìde' fún un ní kíá."

Baálẹ̀ gbà. Ṣùgbọ́n nígbà kejì, bí ọ̀pá ti dọ̀bálẹ̀, àṣà ọjọ́ pípẹ́ mú un lẹ́nu: "O ó dàgbà, o ó dogbó. O ò ní ṣẹ́. Iná ò ní rí ọ."

"Àmín," ni ọ̀pá ń wí lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí àdúrà tó parí, Ìbíwùmí ti yọ̀ bọ́ sílẹ̀.

Ó ku ẹ̀ẹ̀kan. Wọ́n gbé ọ̀pá sórí àgbékọ́ lókèèrè. Ìbíwùmí kúnlẹ̀ síwájú Baálẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ọ̀mọ̀wé, ọmọ ọdún mélòó ni ọ̀pá yìí?" ni Ìbíwùmí bèèrè.

"Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni mo gé e."

"Ṣé ọjọ́ tí a gé irun ẹni ni a fi ń ka ọjọ́ orí ẹni?"

Ọ̀mọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọdún lórí ìka. Lára ọparun tí àwọn aṣíwájú gbìn lọ́jọ́ tí wọ́n tẹ ìlú dó ni ó ti gé e, ó sì ti di ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni Baálẹ̀.

"Ta ló ní kí ẹ máa ka ọdún igi?" ni Baálẹ̀ bi wọ́n.

"Òfin yín ni, Bàbá," ni Ìbíwùmí fèsì. "'Àgbà ni àgbà, ibi yòówù kí a ti bá a.' Ṣùgbọ́n ẹ má tíì sọ fún un. Bí ó bá mọ̀ báyìí, kò ní tẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ kí ó dọ̀bálẹ̀ ná."

Baálẹ̀ fajú ro, ó ń wo ọ̀pá lókèèrè.

Ìbíwùmí gbé ọ̀pá, ó sáré. Ó gún ọ̀pá. Ọ̀pá tẹ̀. "Ẹ káàsán, Bà—"

Baálẹ̀ wo ọmọbìnrin náà. Ó dìde, ó ká agbádá, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku òṣùpá. "Ẹ dìde, ẹ̀gbọ́n mi! Ọdún márùn-ún lẹ fi jù mí lọ!"

"Kí lo wí? Ọmọdé ni mo ń dọ̀bálẹ̀ fún?"

Ìbínú ni Atẹ̀máṣẹ́ fi nà. Ìbíwùmí fò kọjá igi ìdábùú, ó fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ ju ìwọ̀n lọ, ó sì balẹ̀ sórí tìmùtìmù pẹ̀lú igbe ayọ̀.

Ọ̀pá náà dúró ṣánṣán nínú kòtò. "Ta ló gbá mi nídìí mú tó ń fi mí sáré láti àárọ̀?"

"Èmi ni, sà."

"Kí n má rí i mọ́."

Lẹ́yìn náà, ó yíjú sí Baálẹ̀ tí ó ṣì wà nílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà fún un. Ó pẹ́.

Baálẹ̀ Akínlàjà lo ọdún mẹ́fà sí i lórí oyè, lórí àga kejì, kí ó tó kú.

Ọ̀mọ̀wé Jọláadé kò ṣe ọ̀pá mọ́. Ẹ̀rọ ìfọṣọ ni ó ń tún ṣe.

Atẹ̀máṣẹ́ ni ó wà lórí àga àkọ́kọ́ nínú ìgbìmọ̀ ìlú títí di òní. Kò tẹ̀ mọ́. Eléré kankan kò tún fọwọ́ kàn án.

Ìbíwùmí gbé ọ̀pá lásán lọ sílé ayé. Eléré méjìlá ni ó díje. Òun ni ó ṣe ìkejìlá. Ó bá ìyá ìyá rẹ̀ láàyè ní Ìlá, ó sì lo oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ rẹ̀.