Omi Tó Gun Òkè

Omi kì í gun òkè; ọmọ ọwọ́ pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ omi abẹ́ ilé iṣẹ́ àtijọ́ yẹn gun òkè láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Awakànga sì fi ojú ara rẹ̀ rí i.

Àgbá epo ló ti ń jò síbẹ̀ látọdúnmọ́dún. Ilẹ̀ dúdú, ó ń rùn. Kí wọ́n tó lè fọ ilẹ̀ náà mọ́, Awakànga gbẹ́ kànga mẹ́ta tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí apá ọmọdé, ó bu erùpẹ̀ inú wọn sí ìgò, ó wá ń sọ téèpù sínú wọn láràárọ̀. Bí ẹnu téèpù bá kan omi, á ké "píìn." Kànga tí omi rẹ̀ bá jìn jù, apá ibẹ̀ ni omi ìdọ̀tí ń lọ. Bó bá lọ sí ìsàlẹ̀, kànga ìyá Awakànga ló máa bọ́ sí. Wọ́n á dí i pa, wọ́n á sì kó ìyá kúrò nínú ilé tó fi òógùn ojú rẹ̀ kọ́.

Ó fa ọfà sórí ìwé láti fi ibi tí omi ń lọ hàn. Ọfà kọrí sórí òkè.

"Ọ̀gá, ẹ wò ó."

Obìnrin ẹnjiníà tó ń darí iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìwé. "Bọ̀dá, ṣé ẹ ò mutí?"

"Àfi bó bá jẹ́ téèpù ló mu ún."

Orí òkè ni yàrá tí Awakànga ń sùn sí wà. Lọ́jọ́ kejì, ó sùn sílé ọ̀rẹ́ rẹ̀ lápá ọ̀tún. Ọfà yà sọ́tùn-ún. Ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó fẹ́ mọ̀ dájú. Ó lọ sùn sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lápá òsì. Ọfà tẹ̀ lé e. Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ajá àjèjì pe orúkọ rẹ̀.

Ibà wá mú ìyá rẹ̀, ó sì sùn tì í. Nígbà tó wọn kànga láàárọ̀, ọfà na ìka sílé ìyá rẹ̀ gbọnrangandan. Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Ó sáré padà sílé, ó bá ìyá pẹ̀lú ife omi lọ́wọ́.

"Ìyá mi, ẹ má mu ún!"

"Kẹrosíìnì ni, mo ti gbóòórùn rẹ̀. Ṣé mo jọ ẹni tí ò nímú ni?"

Ó jókòó, ó rò ó fún un látòkèdélẹ̀. Ìyá rẹ̀ wá rẹ ohùn sílẹ̀.

"O gbẹ́ kànga mẹ́ta, o kan ilẹ̀kùn ẹlòmíì lẹ́ẹ̀mẹta. Ṣé o rò pé wọn ò ní dáhùn ni?"

"Àwọn wo, Ìyá mi?"

"Ṣé èmi ni mo kan ilẹ̀kùn ni?"

Ọjọ́ yẹn gan-an ni Awakànga gbé àga àti ẹní lọ sí ibi tí àgbá ti jò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pọ́ǹpù tó ń fa omi ìdọ̀tí jáde. Ó ní bó bá jẹ́ òun ni wọ́n ń wá, kí wọ́n wá bá òun níbẹ̀. Nígbà tó máa fi di ọ̀sẹ̀ kẹta tó ti ń sùn síbẹ̀, omi ìyá rẹ̀ ti mọ́ gaara. Pọ́ǹpù ń pọ epo dúdú bí aláìsàn.

Inú ẹnjiníà dùn dé ọrùn. "Bọ̀dá, gbogbo omi ló ń padà síbí! Bó bá ń bá a lọ báyìí, ọdún méjìlá péré, ilẹ̀ yìí á mọ́."

"Kí n jókòó síbí fọ́dún méjìlá?"

"Kí lẹ wí?"

"Kò sí nǹkan kan, Ọ̀gá."

Ìyẹn lọ. Awakànga bọ́ bàtà, ó dìde láti na ara. Ojú ẹsẹ̀ méjì wà lórí kọnkéré, níbi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ẹsẹ̀ kúrò, tútù, dúdú. Ó kọ́kọ́ rò pé òógùn ni. Ó fọwọ́ kàn án, ó gbé e simú: epo. Ó tún wò ó. Ó gùn ju ẹsẹ̀ tirẹ̀ lọ.

Ẹlòmíì ì bá sá. Òun rọra gbé ẹsẹ̀ padà lé e, kó lè mọ̀.

Nǹkan kan tì í láti ìsàlẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, àtẹ́lẹsẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀.