Igun Ẹ̀yìn Ilé

"Péńpé, di irin náà mú dáadáa! Má jẹ́ kó tẹ̀!"

Ọmọbìnrin náà rọ̀ mọ́ irin. Péńpé ni wọ́n ń pè é nílé láti kékeré, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti ga ju ìyá rẹ̀ lọ báyìí. Òun àti àbúrò ìyá rẹ̀ ni wọ́n jọ ń yí irin gígùn náà wọ ilẹ̀. Iṣẹ́ àǹtí rẹ̀ yìí ni kó máa yẹ ilẹ̀ wò kí wọ́n tó kọ́lé sórí rẹ̀. Péńpé ń bá a ṣiṣẹ́ ní àsìkò ìsinmi, ilẹ̀ bàbá rẹ̀ gan-an ni wọ́n sì wà lọ́jọ́ náà.

Yẹ̀pẹ̀ pupa líle ni wọ́n bá ní àwọn igun yòókù. Ó wá ku igun ẹ̀yìn, níbi tí yàrá Péńpé máa wà. Yàrá tirẹ̀! Inú yàrá kan ṣoṣo ni òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ ọkùnrin há mọ́ nígbà yẹn. Bó bá ń kàwé, orí ẹsẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù.

Fóònù àǹtí dún, ó sì lọ dáhùn nídìí ọkọ̀. Péńpé ń dá irin yí. Lójijì, irin náà rì wọlẹ̀ bí ọ̀bẹ tó wọnú ọṣẹ. Ó fà á sókè. Ẹrẹ̀ dúdú ló bá a jáde, tòun ti eérú, ọ̀rá àti àjákù bàtà rọ́bà. Òórùn rẹ̀ gba imú kan.

Péńpé bẹ̀rẹ̀ wò ó. Àǹtí ti sọ fún un pé ilé kì í dúró lórí pàǹtírí. Ṣùgbọ́n ṣé nítorí àjákù bàtà kan ni wọn ò fi ní kọ́lé? Àbí ẹnìkan kàn sin bàtà síbẹ̀ ni? Orí rẹ̀ dàrú. Kó tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti fẹsẹ̀ ti ẹrẹ̀ padà sínú ihò, ó sì ti bu yẹ̀pẹ̀ pupa láti ibòmíràn sínú àpò tí wọ́n fi ń kó yẹ̀pẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò.

"Kí lo rí?" àǹtí béèrè nígbà tó dé.

"Yẹ̀pẹ̀ pupa ni, Àǹtí. Bíi tàwọn yòókù."

"O ṣeun, ọmọ mi."

Wọ́n yẹ yẹ̀pẹ̀ náà wò, wọ́n ní ilẹ̀ dára. Bàbá wá pe bíríkìlà kan tí àdúgbò ń pè ní Gúnrégé, nítorí ògiri rẹ̀ kì í wọ́. Ilé ga dé ojú fèrèsé, òjò sì bẹ̀rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n dé ibẹ̀, wọ́n bá igun ẹ̀yìn tó ti rì. Ògiri lanu débi pé ọwọ́ àgbàlagbà wọ inú rẹ̀.

"Olè!" Bàbá pariwo. "Sìmẹ́ǹtì mi lo kó lọ!"

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò jí sìmẹ́ǹtì ẹnikẹ́ni rí," Gúnrégé dáhùn.

Bàbá ò gbọ́. Ó lé e lójú gbogbo èèyàn. Obìnrin kan tó fẹ́ kí Gúnrégé bá òun mọ ògiri yíká ilé ní òun á wá ẹlòmíràn.

Ọkàn Péńpé kò lélẹ̀ mọ́. Bó bá sọ̀rọ̀, iṣẹ́ àǹtí rẹ̀ lè bàjẹ́. Bó bá dákẹ́, aláìṣẹ̀ ń jìyà. Ó tiẹ̀ gbìyànjú láti gbà pé lóòótọ́ ni Gúnrégé jalè, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kọ̀ ọ́.

"Kí ló dé tí oúnjẹ ò lọ?" ìyá rẹ̀ bi í.

"Màmá, ẹ̀bi mi ni." Ló bá bú sẹ́kún, ó sì tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Wọ́n pe Bàbá, wọ́n pe àǹtí. Péńpé ń retí ìgbájú, kò rí i.

"Abẹ́ ògiri yẹn lo ò bá máa sùn," Bàbá sọ.

"Èmi náà jẹ̀bi," àǹtí wí. "Kò yẹ kí n fi irin sílẹ̀ fún ọmọdé."

Nígbà tí wọ́n gbẹ́ ibẹ̀, ààtàn àtijọ́ ni wọ́n bá. Àwọn àgbà kúkú ní ẹni tó bá dalẹ̀ á bálẹ̀ lọ. Wọ́n wó igun ẹ̀yìn náà, ilé kéré sí i, yàrá Péńpé ò sì sí níbẹ̀ mọ́.

Bàbá mú un lọ bẹ Gúnrégé. Péńpé kúnlẹ̀.

"Mo gbọ́," ọkùnrin náà wí. "Ṣùgbọ́n ìta lẹ ti bú mi. Ìta náà lẹ ó ti wẹ̀ mí mọ́."

Péńpé sì dúró níwájú ilé náà, àwọn aládùúgbò yí i ká, ó jẹ́wọ́. Ojú tì í débi pé kò rí ẹni tó ń wò. Nígbà tó parí, Gúnrégé gbé ṣọ́bìrì, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Bí ọkùnrin náà ṣe lè dárí jì í, kò yé e.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, kò sí ẹni tí ọkàn rẹ̀ kì í dàrú. Ìgbà tó bá dàrú gan-an ni kí ẹ pe àgbà, kí ẹ fi ohun tí ẹ rí hàn án. Òtítọ́ tí a bo mọ́lẹ̀ kì í jẹrà. Ẹrù rẹ̀ a sì máa wó lu ẹni tí kò mọwọ́mẹsẹ̀.